Àwọ̀ Tó Kù Lára Ògiri: Ìtàn Fọ́tò Àwọn Ìyá Wa

 

Nígbà tí àwa tí ẹ yàn láti ṣe ìwé yìí kọ́kọ́ jókòó, ohun àkọ́kọ́ tí a béèrè ni fọ́tò ìyá tó kọ́kọ́ ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ wa. A ò rí ju ẹyọ kan lọ. Ara ògiri pálọ̀ ni wọ́n ti já a wá fún wa, pẹ̀lú férémù àti okùn tí wọ́n fi gbé e kọ́. Fọ́tò kọ́lọ̀ ni, ti ìparí àwọn ọdún 1970, ṣùgbọ́n kọ́lọ̀ ti tán lára rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ti pọ́n bí omi osùn, ojú ìyá sì ti ṣókùnkùn débi pé ẹyinjú àti etí gèlè nìkan lèèyàn ń rí. Ẹni tó bá wọn láyé, tó bá wò ó, á ní, "Àwọn náà nìyí." Ọmọ-ọmọ tí kò bá wọn láyé kò rí nǹkan kan.

A gbé e fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń fi kọ̀ǹpútà tún fọ́tò ṣe. Lọ́jọ́ kejì ó ti dá a padà. Ó mọ́lẹ̀ lóòótọ́! Àmọ́ ìyá ti di aláwọ̀ pupa, ojú wọn ń dán bíi ti ọmọ ogún ọdún, ilà ojú wọn ti pòórá, ìró ẹtù tí wọ́n ró sì ti di dúdú kirikiri bí aṣọ ọ̀fọ̀. Nígbà tí a gbé e dé ìpàdé, ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa wò ó títí, ó ní, "Ta lẹ gbé wá yìí? Èyí tí mo mọ̀ dúdú. Wọn ò bó ara rí."

Gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú kí a wá ìdí nǹkan yìí dáadáa. Fọ́tò tó wà lára ògiri wa, báwo ló ṣe débẹ̀? Kí ló pa àwọ̀ rẹ̀? Tí a bá ní a fẹ́ dá àwọ̀ náà padà, èwo ni òótọ́, èwo ni àfikún? Ìtàn tí a fẹ́ sọ nìyí.

BÍ FỌ́TÒ ṢE DÉ ỌDỌ̀ WA

Ọdún 1839 ni wọ́n kéde iṣẹ́ fọ́tò fún gbogbo ayé ní ìlú Paris. Etí òkun ló gbà wọ ilẹ̀ wa. Kí ọdún 1900 tó dé, aláwọ̀ dúdú ti ń ya fọ́tò gbowó l'Ékòó. Ọ̀kan nínú wọn ni Neils Walwin Holm, tí wọ́n bí sí Accra, tó wá dá ṣọ́ọ̀bù fọ́tò sílẹ̀ l'Ékòó. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má rò pé òyìnbó nìkan ló ń ya àwọn baba ńlá wa. Ọmọ Áfíríkà wà nídìí kámẹ́rà tipẹ́.

Rélùwéè ló gbé ayé tuntun gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Ìlọrin ní 1908, ó sì gba Ọ̀fà kọjá. Ẹ̀yin oníṣòwò kò nílò kí a sọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí fún yín. Ọkọ̀ tó ń kó oúnjẹ lọ sí Èkó, òun náà ló ń kó ọjà Èkó bọ̀. Àwọn èèyàn wa bá a lọ ṣòwò, àwọn mìíràn sì gba ọ̀nà tiwọn dé Gánà, wọ́n pẹ́ níbẹ̀, títí ìjọba Gánà fi ní kí àwọn àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú máa lọ ní ìparí ọdún 1969. Nígbà tí kò sí tẹlifóònù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, fọ́tò ni ẹni tó wà lájò fi ń kí ilé. Ìyá tó bá rí fọ́tò ọmọ rẹ̀ nínú aṣọ tó dáa mọ̀ pé ara ọmọ òun le, ọjà sì ń tà.

BÍ ÀGBÀ ṢE Ń JÓKÒÓ YA FỌ́TÒ

Ní ọdún 1975, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Stephen Sprague lọ sí Ìlá Ọ̀ràngún, tí kò jìnnà sí wa níhìn-ín, ó lọ wo bí àwọn onífọ́tò Yorùbá ṣe ń ṣiṣẹ́ wọn. Ohun tó rí jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts ní 1978. Ó ní àgbà tó bá fẹ́ ya fọ́tò á wọ aṣọ tó dára jù lọ́wọ́ rẹ̀, á jókòó, á kọjú sí kámẹ́rà gan-an, á gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan tàbí orúnkún, kò sì ní máa rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí máa ń bi wá pé kí ló dé tí àwọn ìyá àgbà fi le ojú báyẹn. Wọn ò le ojú o. Ipò wọn ni wọ́n ń fi hàn. Fọ́tò yẹn ni wọ́n máa gbé kọ́ sára ògiri, òun náà ni wọ́n máa gbé jáde lọ́jọ́ ìsìnkú, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n ń yà á.

Sprague tún rí ohun kan tó kan ọ̀rọ̀ wa. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti kú kí wọ́n tó ya fọ́tò, onífọ́tò á ya èyí tó wà láàyè, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan ṣoṣo, kí ìbejì lè jókòó ti ara wọn. Bí wọ́n bá jẹ́ akọ àti abo, èyí tó wà láàyè á wọ aṣọ ọkùnrin, wọn á yà á, á tún wọ aṣọ obìnrin, wọn á tún yà á. Ẹ ò rí i pé kí ọwọ́ èèyàn tún fọ́tò ṣe kì í ṣe nǹkan tuntun láàárín wa. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé gbogbo ilé ló mọ ohun tí wọ́n ṣe àti ìdí tí wọ́n fi ṣe é. Wọn ò fi tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Bákan náà ni ti àwọ̀. Kí fíìmù kọ́lọ̀ tó wọ́pọ̀, àwọn onífọ́tò kan máa ń fi ọwọ́ kun fọ́tò dúdú-àti-funfun. Ní ìlú Benin, Solomon Osagie Alonge, tó jẹ́ onífọ́tò ààfin Ọba, dá Ideal Photo Studio sílẹ̀ ní 1942. Ní 2014, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Amẹ́ríkà pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ fún aráyé rí, àwọn fọ́tò tí wọ́n fi ọwọ́ kun sì wà nínú iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Onífọ́tò tó ń kun irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ rí ìyá náà nígbà tó jókòó. Bí ó bá gbàgbé, ó lè béèrè pé, "Màmá, àwọ̀ wo ni gèlè yín ọjọ́sí?" Kọ̀ǹpútà kò ní ẹni tó máa bi.

KÍ LÓ MÚ ÀWÒRÁN ṢÓKÙNKÙN?

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ kan tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀. Kì í ṣe ogbó nìkan ló mú kí ojú àwọn ìyá wa ṣókùnkùn nínú fọ́tò kọ́lọ̀ àtijọ́. Àwọn tó ń ṣe fíìmù, awọ ara òyìnbó ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n. Kodak máa ń fi káàdì kan ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fọ fọ́tò. Àwòrán obìnrin òyìnbó kan ló wà lórí rẹ̀, Shirley sì ni wọ́n ń pe káàdì náà. Bí ara Shirley bá ti dáa lójú ẹni tó ń fọ fọ́tò, ó parí, ẹ̀rọ ti wà ní déédéé nìyẹn. Ara dúdú kò sí nínú òṣùwọ̀n náà rárá. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọn gààrí àti ẹ̀wà mọ̀ pé bí wọ́n bá ti tẹ ìdí kọ́ńgò wọnú, kò sí ohun tí ẹ máa fi wọ̀n tó máa pé.

Lorna Roth, olùkọ́ yunifásítì ní Kánádà, kọ ìtàn yìí jáde ní 2009. Ó gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ti bá Kodak ṣiṣẹ́ pé lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n tún fíìmù ṣe ni ẹjọ́ tí àwọn tó ń ṣe ṣokoléètì àti àwọn tó ń ṣe àga onípákó wá rò, pé fíìmù kò fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ọjà àwọn tó dúdú àti èyí tó dúdú díẹ̀. Ẹ gbọ́ nǹkan! Ẹjọ́ ṣokoléètì àti àga ni wọ́n gbọ́, kí ó tó kan ojú ìyá ẹnikẹ́ni. Ó di àwọn ọdún 1990 kí Kodak tó ṣe káàdì tí obìnrin aláwọ̀ dúdú náà wà lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ogbó fúnra rẹ̀. Fọ́tò dúdú-àti-funfun, eérún fàdákà ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ tán nínú oògùn, omi púpọ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi ṣan oògùn náà kúrò. Ẹ sì mọ bí omi ṣe ń wọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Oògùn tó bá ṣẹ́ kù á máa jẹ fàdákà náà díẹ̀díẹ̀, fọ́tò á wá pọ́n bíi tíì.

Fọ́tò kọ́lọ̀ yàtọ̀. Aró mẹ́ta ni wọ́n tò léra wọn nínú rẹ̀: ọ̀kan jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, ọ̀kan jẹ́ pupa tó fẹ́ jọ àlùkò, ọ̀kan jẹ́ búlúù tó fẹ́ jọ ewé. Nínú ọ̀pọ̀ pépà àwọn ọdún 1970, búlúù yìí ló ń tètè kú, àní bí wọ́n bá tilẹ̀ tì í mọ́ inú àpótí. Bí búlúù bá ti lọ, pupa á gba ilé. Ìdí nìyẹn tí fọ́tò ìgbà yẹn fi ń pọ́n káàkiri ilé wa. Ẹ̀yin ọmọ aláró, ẹ mọ̀ pé aró kì í ṣá bákan náà. Ẹ wá fi oòrùn ojú fèrèsé kún un, àti èéfín, eruku ọyẹ́ àti ọ̀rinrin òjò. Ohun tó bá ti irú ẹ̀ yọ, ó yẹ ká dúpẹ́.

OHUN TÍ KỌ̀ǸPÚTÀ LÈ ṢE

A tún wá ẹlòmíràn. Èyí kò kánjú. Ó ní kí méjì nínú wa jókòó ti òun, a sì rí ohun tó ṣe. Ó yọ fọ́tò kúrò nínú férémù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn eruku rẹ̀, ó gbé e sórí ẹ̀rọ síkánà, ó sì fi èyí tó kọ́kọ́ jáde pa mọ́ láìfọwọ́ kàn án. Ẹ̀dà rẹ̀ ló ń tún ṣe.

Ó ṣàlàyé fún wa pé kọ̀ǹpútà pín àwòrán sí ọ̀nà mẹ́ta: pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù. Ojú kọ̀ọ̀kan lórí àwòrán náà ní iye tirẹ̀ nínú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, láti 0 dé 255. Òkùnkùn biribiri ni 0, ìmọ́lẹ̀ tó ga jù ni 255. Fọ́tò tí ara rẹ̀ bá pé, ibi tó dúdú jù nínú rẹ̀ máa ń súnmọ́ 0 nínú ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ibi tó funfun jù á sì súnmọ́ 255. Nínú fọ́tò ìyá wa, ọ̀nà pupa kò sọ̀ kalẹ̀ rárá. Gbogbo rẹ̀ fún mọ́ òkè, bí èrò ṣe ń fún mọ́ ẹnu ọ̀nà ọjà nígbà tí òjò bá dé. Ohun tó ṣe ni pé ó fà á sọ̀ kalẹ̀ títí ibi tó yẹ kó dúdú fi dúdú. Ó mú búbà léèsì funfun tí ìyá wọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí: níbi tó bá ti yẹ kó funfun, ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ dọ́gba. Nígbà tí léèsì fi máa funfun, ojú ìyá náà ti bẹ̀rẹ̀ sí jáde nínú pupa. Kò tíì kun nǹkan kan o. Ohun tó ká jọ ló ń tẹ́, bí ẹni tú aṣọ tó ti pẹ́ nínú àpótí.

Láti ọdún 1990 ni irú iṣẹ́ yìí ti wà ní ìkáwọ́ ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà nílé, nígbà tí Photoshop jáde, èyí tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Thomas àti John Knoll, ṣe.

Níbi ojú ìyá ló ti lo sùúrù jù. Ó tan ìmọ́lẹ̀ sí ibi tó ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀, ó sì ń bi wá, "Ṣé wọ́n dúdú báyìí?" A ní wọ́n dúdú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dín in kù. Ilà ojú wọn yọ, méjèèjì pérépéré. Ìlà ogbó iwájú orí náà yọ, a ní kó má fọwọ́ kàn án, iṣẹ́ ni wọ́n fi gbà á. Bẹ́ẹ̀ la rí i pé mímú ojú jáde nínú òkùnkùn yàtọ̀ sí bíbó o.

OHUN TÍ KỌ̀ǸPÚTÀ KÒ LÈ MỌ̀

Àwọn ẹ̀rọ kan wà báyìí tó ń kun fọ́tò fúnra wọn. Jason Antic gbé ọ̀kan tó ń jẹ́ DeOldify jáde ní 2018, MyHeritage sì gbé irú rẹ̀ síta fún gbogbo èèyàn ní 2020. Wọ́n ti fi àìmọye fọ́tò kọ́lọ̀ kọ́ ẹ̀rọ náà, kó lè máa méfò àwọ̀ tó yẹ níbi kọ̀ọ̀kan. Fún sánmà àti ewé, ó máa ń gbà á. Ṣùgbọ́n fún aṣọ wa? Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ẹ̀rọ tí kò rí ẹtù rí, á pè é ní dúdú. Sányán, á pè é ní aṣọ tó dọ̀tí, á fọ̀ ọ́ funfun. Àlàárì ló tún burú jù. Fíìmù dúdú-àti-funfun ti ìgbà láéláé kò rí àwọ̀ pupa dáadáa, nítorí náà àlàárì pupa lè ṣókùnkùn ju ẹtù lọ nínú fọ́tò. Ẹni tí kò bá mọ̀, á gbé aṣọ ẹlòmíràn wọ ìyá rẹ̀.

Ìró ìyá wa gan-an fẹ́ẹ̀ dá wa láàmú. Búlúù tó kú nínú fọ́tò, àwọ̀ ẹtù ni! Ohun tó ṣẹ́ kù kò tó nǹkan tí a lè tẹ́. Ọmọ wọn obìnrin ló yanjú rẹ̀. Ó wọlé lọ, ó ṣí àpótí, ó mú ìró náà fúnra rẹ̀ jáde, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà: ẹtù aláró, pẹ̀lú okùn funfun wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀ bí ara ẹyẹ ẹtù. Omijé bọ́ lójú ẹlòmíràn nínú wa. Inú aṣọ yẹn ni onífọ́tò ti mú àwọ̀ tó fi tún ìró ṣe.

Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ńkọ́? Àgbà kan ní iyùn ni. Àgbà kejì ní rárá, pé sẹ̀gi ni wọ́n máa ń lò sí ẹtù yẹn. Ìlẹ̀kẹ̀ náà kò sí nílé mọ́, fọ́tò kò sì sọ. A ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bí ó ṣe wà. Bí ẹ bá wo iwájú ìwé yìí, ẹ máa rí i pé ìlẹ̀kẹ̀ náà kò ní àwọ̀ kan pàtó. Kì í ṣe àṣìṣe. Ohun tí a kò mọ̀ ni a kò fi purọ́.

Ìdí tí a fi tẹ fọ́tò méjèèjì náà nìyẹn: èyí tó pọ́n bí a ṣe bá a, àti èyí tí a tún ṣe. A kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé a tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe. Ọ̀nà àwọn tó ya ìbejì láyé àtijọ́ ni a tọ̀, kí gbogbo ilé mọ ohun tí ọwọ́ ṣe.

OHUN TÍ A FẸ́ BẸ̀ YÍN

Ẹ má da fọ́tò àtijọ́ nù nítorí pé ó ṣókùnkùn. Bí ó bá ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì férémù, ẹ má ṣe fà á já, ẹ má sì fi omi rẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n síkáànì rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ fọ́tò kékeré bíi pásípọ́ọ̀tù inú ìwé àjẹṣẹ́kù wa, ẹ ní kí wọ́n síkáànì rẹ̀ ní 600 lórí ínǹṣì kan, ó kéré tán. Èyí tí a fi fóònù yà, tí a sì fi WhatsApp ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ìdajì rẹ̀ ti sọnù lọ́nà. Ẹ gbé e kúrò níbi tí oòrùn ti ń pa á.

Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn onífọ́tò tó ti dàgbà láàárín ìlú da nẹ́gẹ́tífù wọn nù. L'Ékòó, Karl Ohiri àti Riikka Kassinen rí i pé wọ́n ń dà á nù, wọ́n ń sun ún, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí kó o jọ, wọ́n pe iṣẹ́ náà ní Lagos Studio Archives. Ibẹ̀ ni fọ́tò Abi Morocco Photos wà, ṣọ́ọ̀bù tí John Abe àti ìyàwó rẹ̀ Funmilayo jọ ń ṣe láti àwọn ọdún 1970. Obìnrin náà ń ya fọ́tò bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń yà á. Ní 2024, wọ́n pàtẹ iṣẹ́ tọkọtaya yìí ní London. Ohun tí wọn ì bá sun níná ni.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ: ẹ gbé fọ́tò náà tọ àwọn àgbà lọ nísinsìnyí tí wọ́n ṣì wà. Ẹ bi wọ́n pé, ta nìyí, aṣọ wo nìyí, ọdún wo ni? Ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Àwọn àgbà méjì tó jiyàn lórí ìlẹ̀kẹ̀ yẹn, àwọn nìkan ló kù nínú àwọn tó bá ìyá jókòó nísọ̀. Bí a bá ti dúró di ọdún méjì sí i, bóyá a kò ní rí ẹni tó máa jiyàn.

Nígbà tí fọ́tò náà parí, a tún gbé e dé ìpàdé. Ìyá àgbà tó bi wá pé "Ta lẹ gbé wá yìí?" lọ́jọ́ kìíní, àwọn la kọ́kọ́ gbé e fún. Wọ́n fi ọwọ́ nù ún bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Wọ́n ní, "Ẹ káàbọ̀, Màmá."

Ọlọ́run á jẹ́ kí àwa náà fi orúkọ rere àti ojú tí ọmọ lè dá mọ̀ sílẹ̀. Àṣẹ.